Dísìkì Mọ́kànlá

Inú agolo Bọnfíta ni bàbá mi kó wọn sí,
dísìkì mọ́kànlá, wọn kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ,
ike wọn le bí èèpo àgbọn.
Ó fi báírò kọ orúkọ sí wọn lára:
Ìwé Ìjọ. Ìsìnkú Bọ̀dá Àgbà. Gbèsè.
Lára ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé Ẹ Má Ṣí I.
Èyí tí a kọ́kọ́ fẹ́ ṣí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣí i?
Kọ̀ǹpútà tèmi tẹ́ pẹẹrẹ bí àwo ìjẹun, kò lẹ́nu rárá.
Ti ẹ̀gbọ́n mi, Ọláìtán, lẹ́nu,
ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀hún fẹ̀ ju oúnjẹ tí a fẹ́ fi bọ́ ọ lọ.
Íǹṣì mẹ́ta ni ti bàbá, íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ ni tirẹ̀.
Ààbọ̀ íǹṣì péré, ó di òkun láàárín wa.

A gbé agolo dé ọ̀dọ̀ Súbérù ní Ṣómólú,
lókè ilé ìtẹ̀wé kan lọ́nà Bájùláyé,
níbi tí ilẹ̀ ti máa ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ bá ń lu bébà nísàlẹ̀.
Kọ̀ǹpútà tó ti kú lọ́jà ni Súbérù ń sìn bí ẹni ń sin adìẹ.
Ó tú èyí tí irú rẹ̀ wà nílé wa lọ́dún 1987,
ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ìka jáde, ó dúdú.
"Ẹ wò ó, bẹ́líìtì tó ń yí dísìkì ti yọ́ bí ọ̀dà."
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó tú rọ́bà tí mo fi di irun mi.
"Ẹ má bínú, àǹtí, èyí á ṣe é."

Ẹ̀rọ náà kùn, ó húkọ́, ó tún kùn.
Ojú rẹ̀ là, àwọ̀ ewé ewúro.
SANYAOLU, ló wà níbẹ̀.
Mo dìde bí ẹni tí àgbà wọlé tọ̀.

Ojú là, ẹsẹ̀ kò sí. Ọ̀rọ̀ náà kò lè rìn jáde.
Súbérù so ó mọ́ ẹ̀rọ kejì, àgbà àárín,
tó gbọ́ èdè àná, tó sì gbọ́ díẹ̀ nínú tòní.
Wáyà mẹ́ta. Ó fi méjì dábùú ara wọn:
"Tí ẹnu bá kojú ẹnu, ariwo ni.
Ẹnu eléyìí ní láti wọ etí tọ̀hún."
Ìyá mi, tó ti dákẹ́ láti àárọ̀, ní,
"Ẹ ò bá ti sọ fún wa nígbà tó wà láyé."

Ọ̀rọ̀ ń kán tó, tó, bí omi ẹ̀rọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.
Iná lọ. A tún bẹ̀rẹ̀. Iná tún lọ.
Ní agogo mẹ́rin ó wọnú dísìkì tuntun, èyí tí ẹnu Ọláìtán gbà,
a sì ṣí Ẹ Má Ṣí I.

Ìlà kan.
Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ti bọ́ gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀,
tòkè, tìsàlẹ̀, gbogbo èyí tí bàbá mi,
tó fi ọdún mọ́kàndínlógún wá àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíràn,
tó lè na ọmọ nítorí àmì orí ọ̀rọ̀,
fara balẹ̀ tò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìhòòhò ló dé:

Mo je iya yin ni owo.

"Owó," ni Ọláìtán wí. "Ó jẹ wọ́n lówó. Èló?"
"Ọ̀wọ̀ ni," ni mo wí.
Súbérù, tí ẹnikẹ́ni kò bi, na ọrùn:
"Àbí ìyà ni? Pé ìyà yín ni wọ́n jẹ?"
A dákẹ́. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ń lu ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹnì kan.

Ìyá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
Kò ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì.
"Ó jẹ mí ní méjèèjì," ló wí,
"ó sì san ọ̀kan."
Kò sọ èwo.

Dísìkì mẹ́wàá ló kù. Súbérù mú Gbèsè,
ó tì í bọnú ẹ̀rọ.
Rọ́bà irun mi já.